Fésì Tí Gbogbo Àdúgbò Sá Fún

Ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo bímọ ní Emure kí oṣù rẹ̀ tó pé. Èmi ìyá rẹ̀ wà ní Ikere nínú kíláàsì, mo ń ṣàlàyé fún ọmọ ọlọ́mọ bí iná ṣe ń ṣàn nínú wáyà. Títí dòní, ó ṣì ń ká mi lára. Físíìsì ni mo ń kọ́ wọn, mítà kékeré tí a fi ń wọn iná sì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí fóònù dún. Ọkọ ọmọ mi ni. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn: gìrì mú ìyàwó òun, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ọmọ ti jáde, obìnrin ni, kí n jọ̀ọ́ kí n máa bọ̀. Mo ju mítà àti ṣọ́ọ̀kì sínú báàgì láì mọ̀ pé mo jù wọ́n sí i, mo sì jáde láì sọ fún ọ̀gá ilé ìwé. Ta ló ń gba àyè nírú ìgbà bẹ́ẹ̀?

Òjò ti ṣú láti Ikere. Kí a tó kọjá Ise, ó ti ń rọ̀ débi pé awakọ̀ ń yọ orí lójú fèrèsé kó tó rí títì. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé Emure lẹ fẹ́ dé ni, àbí ọ̀run?" Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ti fún un ní èsì tó bá a mu. Lọ́jọ́ yẹn, mo kàn di báàgì mi mú, mo ń gbàdúrà láì lanu.

Ilé ìwòsàn kékeré ni, ó wà láàárín ilé gbígbé. Obìnrin kan tó ń ta ẹja yìnyín ń gbé lápá ọ̀tún rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wà lápá òsì. Dókítà wà lọ́dọ̀ ọmọ mi nígbà tí mo dé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ru kò tíì walẹ̀, wọ́n ti fún un lóògùn, ó ń sùn, wọn ò sì jẹ́ kí n kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Ado láti mú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá, nítorí ọmọ náà kéré ju èyí tí ilé ìwòsàn yẹn lè tọ́jú lọ. Ó pè láti ojú ọ̀nà pé igi wó dí títì, wọ́n ń gé e lọ́wọ́. Ohun tó kù fún wa ni kí a jẹ́ kí ọmọ náà máa gbóná, kó sì máa mí, títí ọkọ̀ yóò fi dé. Ó rọrùn láti fẹnu sọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà ló mú mi wọ yàrá tí ọmọ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìyá rẹ̀ gan-an, pákó lásán ló là wọ́n. Nọ́ọ̀sì yìí tó ẹgbẹ́ mi. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n. Ó ti tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì kékeré kan tí irin tó ń gbóná wà lókè rẹ̀, tí ooru ń ti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sára ọmọ. Wọ́mà ni wọ́n ń pè é. Mo wo ọmọ ọmọ mi. Áà! Kò ju ẹyẹlé tí wọ́n ti hú ìyẹ́ rẹ̀ lọ. Awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé mo ń rí iṣan. Mo fi ìka kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù.

"Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ ọmọ yìí tutù."

"Mo mọ̀, Mà. Iná ló rẹlẹ̀. Háàfù kọ́rẹ́ǹtì la ní láti àárọ̀."

Ẹni tó bá ń gbé lọ́dọ̀ wa kò nílò àlàyé. Háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni iná tó wá ṣùgbọ́n tí kò dé. Gílóòbù á pọ́n bí ẹyìn, fáànù á máa fẹsẹ̀ wọ́, fíríìjì á máa kùn láì di omi kankan. Àwọn èèyàn á ní ìdajì sàn ju òkùnkùn lọ, wọn á sì máa bá a yí bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Nọ́ọ̀sì ti da omi gbígbóná sínú ike, ó fi aṣọ wé wọn, ó tò wọ́n yí ọmọ ká. Ẹlẹ́ja ẹ̀gbẹ́ ilé ló ń bá wọn se omi náà lórí ààrò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé e wá nínú òjò, ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ omi ń tutù kí a tó pààrọ̀ rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n gbé ọmọ lé mi láyà, kí ooru ara mi wọ̀ ọ́ lára, bí wọ́n ti ń ṣe fún irú wọn. Nọ́ọ̀sì mi orí. Ó ní lẹ́ẹ̀mejì ni ọmọ náà ti gbàgbé láti mí. Tí òun bá ti rí i pé àyà rẹ̀ dúró, òun á fi ìka ta á lẹ́sẹ̀, á sì rántí.

"Tí a bá so ó mọ́ àyà yín tí a daṣọ bò ó, tó bá wá gbàgbé ńkọ́? Ojú mi gbọ́dọ̀ wà lára àyà yẹn, Mà. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tí mo ti ń rí i." Ó tọ́ka sí iná pupa kékeré tó wà lára wọ́mà. "Ẹ wò ó, ó ń tàn. Ó ń ṣiṣẹ́. Ìdajì ooru ló ń jáde, omi gbígbóná á sì bá wa dí ìyókù."

Ara mi ta. Ìdajì kẹ̀?

Ìgbà yẹn ni mo rántí mítà. Mo tú báàgì, mo fà á yọ, mo ti ẹnu rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́mà. Ọgọ́fà fóòtì. Òjìlénígba ló yẹ kó jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn wọ́mà: òjìlénígba fóòtì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé ogún wáàtì. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ sára ògiri ilé ìwòsàn, mi ò tọrọ àyè.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wá wò ó. Ẹ má bínú, iṣẹ́ mi nìyí. Fóòtì ni agbára tó ń ti iná. Áńpíà ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn. Tí ẹ bá fi ọ̀kan ṣe ìlọ́po èkejì, wáàtì lẹ ó rí, òun ni ooru tó ń bọ́ sára ọmọ. Tí iná bá pé, ẹ fi òjìlénígba pín ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé ogún. Áńpíà mẹ́ta ló ń ṣàn. Ṣé ẹ gbọ́? Irin tó wà lókè yẹn sì ní ìdènà tirẹ̀ tó fi ń dí iná lọ́nà. Ẹ fi mẹ́ta pín òjìlénígba, ọgọ́rin óòmù ni ìdènà náà. Iná ìbáà pọ̀, iná ìbáà kéré, ọgọ́rin yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Ó dáa. Ọgọ́fà fóòtì la ní lónìí. Ẹ fi ọgọ́rin pín in."

"Ọ̀kan àbọ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. Ojú rẹ̀ wà lára ọmọ, kò kúrò níbẹ̀.

"Áńpíà kan àbọ̀. Èyí tó ń ti iná ti di ìdajì, èyí tó ń ṣàn náà ti di ìdajì. Ẹ wá fi ọ̀kan àbọ̀ ṣe ìlọ́po ọgọ́fà."

Ètè rẹ̀ ń mì. "Ọgọ́sàn-án."

"Ọgọ́sàn-án nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé ogún! Ìdajì kọ́, Nọ́ọ̀sì. Ìdajì inú ìdajì ni. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ọmọ yìí ń rí gbà láti àárọ̀, iná pupa yẹn kàn ń tàn wá jẹ ni."

Kò bá mi jiyàn. Ó fi tẹmómítà sí abíyá ọmọ, ó dúró, ó yọ ọ́, ó wò ó, ó sì na án sí mi. Ó ti lọ sílẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ẹ̀rù bà mí. Ìṣirò yẹn náà ni mo ti ń ṣe lójú pátákó láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́ tísà. Ọmọ tó bá gbà á, mo fún un ní máàkì. Èyí tó bá ṣì í, mo bú u, mo lọ sílé, mo lọ jẹun. N kò rò ó rí pé ìdáhùn rẹ̀ lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú mi, kó máa mí.

Mo bi í léèrè ẹni tó ń rí sí iná wọn. Ó ní riwáyà àdúgbò ni, ó sì pè é lórí fóònù. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi dé, ó da ọ̀rá borí, ó wọ sílípáàsì, ó so bẹ́líìtì tí páláyà wà nínú rẹ̀ mọ́dìí. Ó lé díẹ̀ ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó ń tún iná ṣe, ó sì ń dáko kòkó.

"Ẹ kú ìrọ́jú o, Tísà. Wọ́n ní ẹ̀ ń wá mi."

"Ẹ kú òjò, Bàbá. Fésì wo lẹ gbé ilé ìwòsàn yìí sí?"

Kí n yáa sọ ohun tí fésì jẹ́ níhìn-ín. Wáyà mẹ́ta ni wọ́n fi ń pín iná fún àdúgbò, a ń pè wọ́n ní pupa, yẹ́lò àti búlúù, ilé kọ̀ọ̀kan sì ń mu nínú ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá dùn ún mu ju èkejì lọ, àwa kì í dúró ṣàròyé lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Riwáyà là ń pè. Á yọ fíúùsì ilé wa kúrò níbi tó wà, á kì í bọ ibi tó dára. Aládùúgbò á rí gílóòbù wa tó mọ́ yòò, á pe riwáyà náà. Ẹni kẹta á rí ti ẹni kejì. Bí a ti ń ṣe é ní Ikere nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ní Ise, bẹ́ẹ̀ ni ní Emure.

"Pupa ni, Mà," ni riwáyà wí. "Òun ló dára jù. Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni mo gbé wọn síbẹ̀. Gbogbo àdúgbò ni mo gbé síbẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí n yìn ín.

"Gbogbo àdúgbò?"

"Láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ ata. N ò fi ẹnì kan sílẹ̀."

"Bàbá, tí gbogbo ilé bá kóra jọ sórí ẹní kan, ṣé ẹní á gbà wọ́n ni?"

Ẹ̀rín rẹ̀ kú. Mo ní kó wá ṣí àpótí fíúùsì fún mi. Ara ògiri ìta ló wà, lábẹ́ etí òrùlé, òjò sì ń ta sí wa lára. Mo wọ sílípáàsì rọ́bà tí nọ́ọ̀sì yá mi, mo gun àpótí onípákó kan, riwáyà ń fi agbòjò bò mí lórí. Mo fi mítà kan pupa. Kò tilẹ̀ pé ọgọ́fà mọ́. Mo fi kan yẹ́lò. Òkú ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo fi kan búlúù.

Igba ó lé méjìlélọ́gbọ̀n.

Mo yọ mítà, mo nù ún mọ́ ìró mi, mo tún fi kàn án. Kò yẹ̀. Iná tó pé pérépéré wà nínú wáyà yẹn ní tòsí orí ọmọ ọmọ mi, kò sì sí ẹni tó ń mu ún.

"Ẹ gbé wa sí búlúù."

Riwáyà fẹ́ẹ̀ ju agbòjò nù. "Haà! Tísà, ẹ má dán an wò! Ẹ bi ẹnikẹ́ni nípa búlúù. Iná ibẹ̀ dìde lọ́jọ́ kan, ó jó tẹlifíṣọ̀n, ó jó fíríìjì, ó jó áyọ́ọ̀nù télọ̀. Kí lẹ rò pé ó lé gbogbo wa kúrò níbẹ̀?"

"Ṣé wọn ò tíì tún un ṣe ni?"

"Wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe. Ẹ̀yin ará Ikere, ṣé ohun tí wọ́n bá ti wí lẹ máa ń gbà gbọ́ ni?"

Kò parọ́, èyí ló ká mi lọ́wọ́ kò. Mo dúró lórí àpótí, òjò ń ta sí mi, mo ń ṣe ìṣirò kejì nínú orí mi. Tí iná yẹn bá dìde bó ti dìde lọ́jọ́sí, tó di irínwó fóòtì, irin ọgọ́rin óòmù á fa áńpíà márùn-ún. Irínwó lọ́nà márùn-ún, ẹgbẹ̀rún méjì wáàtì. Irin náà á yọ́ kí n tó pe Jésù. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́mà tó wà níbẹ̀. Tí a bá sì dúró sí pupa, kò séwu kankan fún irin, ọmọ nìkan ni yóò máa tutù díẹ̀díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. "Tó bá jó ńkọ́, Mà?"

"Tó bá jó, èmi ni mo ní kí ẹ ṣe é. Èmi ni mo máa rù ú."

"Mi ò sọ̀rọ̀ ẹni tó máa rù ú. Ọmọ ni mo ń sọ."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì gún mi dé egungun. Mo sọ̀kalẹ̀, mo wọlé, mo dúró ti wọ́mà, mo wo súìṣì rẹ̀ tó wà lára ògiri, mo wo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀nà là.

"Ẹ gbọ́. Mítà á wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, ìka mi á wà lórí súìṣì. N kò ní gbé ojú kúrò lára nọ́ńbà. Tó bá ti kọjá ọgọ́ta lé nígba, mo pa á nìyẹn, irin kò ní rí àyè jó. Ẹ̀yin ẹ máa wo àyà ọmọ, èmi á máa wo iná. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí."

Ó wo ọmọ títí. "Ó dáa," ló wí. "Kí wọ́n ṣe kíá."

Riwáyà ní ẹ̀mí mi le o, ó sì jáde. Mo gbọ́ tí àpótí fíúùsì dún. Iná pupa kékeré kú, fáànù dúró, a ò gbọ́ nǹkan mìíràn àfi òjò. Mo gbọ́ ohùn riwáyà níta tó ń ráhùn pé ọwọ́ òun ń yọ̀. Páláyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó balẹ̀ gbàù. Nọ́ọ̀sì ti dorí kodò sórí ọmọ, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni mo ń pariwo, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́ o!"

Iná dé. Gbogbo gílóòbù ilé ìwòsàn là yòò lẹ́ẹ̀kan náà débi pé mo fọwọ́ bojú. Nọ́ńbà ara mítà ní igba ó lé ọgbọ̀n. Irin òkè orí ọmọ ké tíń-tín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ooru sì kàn mí lọ́rùn. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n omijé kò ní jẹ́ kí n rí nọ́ńbà, ni mo bá gbé e mì.

Àṣé a ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ariwo ta níta. "Uná ti dé o!" Ohùn télọ̀ ni. "Ulé ìwòsàn ti ní uná gidi! Riwáyà dà? Riwáyà o!" Ilẹ̀kùn ń ṣí, èèyàn ń sáré nínú òjò. Ẹ̀rù tó bà mí lẹ́ẹ̀kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo mọ àwọn èèyàn mi. Kí wákàtí kan tó kọjá, gbogbo wọn á ti kó tẹ̀ lé wa wá sí búlúù, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù wọn, pẹ̀lú fíríìsà wọn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi kànga. Búlúù á rẹlẹ̀ bí pupa, ọmọ náà á sì padà sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

"Ẹ pa gílóòbù!" mo kígbe. "Ẹ pa gbogbo rẹ̀! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí i!"

Ó yé nọ́ọ̀sì kí n tó sọ ọ́ tán. Ó na ọwọ́ pa ti yàrá wa, ó sì ń ké sí dókítà. Dókítà yọ jáde láti ọ̀dọ̀ ọmọ mi, ó bi wá pé kí ló dé. Nọ́ọ̀sì fi ọ̀rọ̀ mélòó kan là á yé e, dókítà wo iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ara ògiri, ó sì lọ ń pa iná láti yàrá dé yàrá, títí ó fi dé èyí tó wà ní ẹnu géètì. Ilé ìwòsàn ṣókùnkùn. Irin òkè orí ọmọ nìkan ló kù, a fa kọ́tìnnì bò ó lójú fèrèsé.

Riwáyà yọjú, omi ń kán lára rẹ̀, fóònù rẹ̀ ń dún nínú àpò. Ó yọ ọ́, ó wo orúkọ tó wà níbẹ̀, ó pa fóònù náà pátápátá. Ó mú kọ́kọ́rọ́ àpótí fíúùsì, ó fi lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

"Tí wọ́n bá bèèrè mi, ẹ ní mo ti lọ sóko."

"Nínú òjò yìí, Bàbá? Ilẹ̀ mà ti ń ṣú," ni mo wí.

"Àwọn yẹn? Tí mo bá wà nílé, wọn ò ní jẹ́ n gbádùn. Ẹ̀gbọ́n télọ̀ ló fún mi níyàwó, kí ni mo fẹ́ wí fún un?" Ó wo ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ó yọ fìlà. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ, ó bọ́ sọ́nà oko tòun tọ̀rá lórí.

Ó wá ku àwa méjì àti ọmọ. Nọ́ọ̀sì jókòó, ó tẹjú mọ́ àyà bín-ń-tín yẹn. Èmi dúró, ìka mi lórí súìṣì, ojú mi lára mítà. Igba ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Igba ó lé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹsẹ̀ mi ń ro mí, n kò sún. Lójijì ó fò, ó di òjìlénígba ó lé méje, ó di àádọ́talénígba. Ìka mi ti tẹ súìṣì dé ìdajì. Mo ń bá nọ́ńbà sọ̀rọ̀, "Padà, jọ̀ọ́, padà, ìwọ nǹkan yìí." Ó dúró níbẹ̀, ó dúró, ó sì rọra padà.

Ìgbà tí mo ń bá nọ́ńbà yẹn jà lọ́wọ́ ni mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ta ọmọ lẹ́sẹ̀. Mo gbọ́ tó tún ta á. N kò lè yíjú. Mo gbọ́ tó ní, "Ó yá, ọmọ dáadáa, ó yá, rántí," ó sì ta á lẹ́ẹ̀kẹta. Ọlọ́run ló mọ ohun tí mo sọ nínú ọkàn mi. Ọmọ náà sín. Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀, èmi náà mí.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ẹlẹ́ja ni, ó gbé ìkòkò omi gbígbóná dání bó ti ń gbé e wá láti ọ̀sán.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní uná ni? Mo rí i tó là yòò, n ò sì rí i mọ́. Ẹja mi ti ń yọ́, páálí mẹ́ta ni, mo fẹ́ ní kí riwáyà bá mi gbé fíríìsà síbi tí ẹ wà."

Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo ti múra irọ́ sílẹ̀ fún télọ̀, mo ti múra sílẹ̀ fún ọba pàápàá. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń gbé omi gbígbóná la òjò kọjá fún ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ni n ó wí fún un?

"Ẹ wọlé," mo ní. "Ẹ ti ilẹ̀kùn."

Ó wọlé. Ó rí irin tó pọ́n, ó rí ọmọ lábẹ́ rẹ̀. Ó rí èmi pẹ̀lú ìka mi lórí súìṣì.

"Gbogbo ẹ̀ rèé?"

"Gbogbo ẹ̀ rèé. Tí àdúgbò bá bọ́ sí i, kò ní ku nǹkan kan fún un."

Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó gbé ìkòkò omi kalẹ̀, ó tún aṣọ kan tó ń yọ̀ lára ike ṣe, ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn mọ́ra jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ tí télọ̀ pè é láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, "Ẹlẹ́ja, ṣé wọ́n ní uná níbẹ̀?"

"Uná ti ibo?" Ohùn rẹ̀ gba gbogbo òpópónà. "Òkùnkùn biribiri ni wọ́n wà! Ó kàn ṣẹ́jú sí wọn lẹ́ẹ̀kan ni, ó ti gbabẹ̀ lọ. Ẹ lọ sùn jàre!"

Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ àáké tó ń la igi lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Kò pẹ́ tí òórùn ẹja yíyan fi gba ojú fèrèsé wọlé bá wa. Gbogbo ẹja rẹ̀ ló yan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kó má bàa bàjẹ́, òun nìkan, nínú èéfín, fíríìsà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń kùn lórí pupa.

Nọ́ọ̀sì tún fi tẹmómítà sí abíyá ọmọ. Ó ti gòkè. Ó fi ẹsẹ̀ ọmọ náà kàn mí lápá torí n kò lè yíjú, ẹsẹ̀ kékeré, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọkọ̀ dé láti Ado, wọ́n gbé e lọ, ó sì yè. Ó ń sáré kiri ilé mi ní Ikere báyìí. Súìṣì ni ohun ìṣeré rẹ̀, á tan iná, á pa á, á tún tàn án, mo sì ń jágbe mọ́ ọn bíi gbogbo ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ yẹn tó dé, nígbà tí òkùnkùn ti bo gbogbo ilé ìwòsàn, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn pákó, ó rẹ̀ ẹ́, ó gbẹ. Ọmọ mi ti jí.

"Mọ́mì? Ṣé ohùn yín ni mo ń gbọ́?"

"Èmi ni. Mo wà níbí."

"Kí ló dé tí ó ṣókùnkùn báyìí? Ṣé kò síná ni?"

Igba ó lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìka mi wà lórí súìṣì.

"Ó wà," mo ní. "Ara ọmọ rẹ ni gbogbo ẹ̀ wà."